Iyùn Náà Ò Tíì Kú Tán: Fún Àbúrò Mi Tó Ń Lọ Sí Zanzibar

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó létí ọ̀sà níbí ní Àgbádárìgì, à ń jẹ epìà díndín pẹ̀lú ata, ló bá na fóònù ẹ̀ sí mi. Ìgbéyàwó ẹ̀ ku oṣù méjì, òun àti ọkọ ẹ̀ dẹ̀ ti pinnu pé Zanzibar, erékùṣù Tanzania yẹn, làwọn máa sá lọ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti san owó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti san ti òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo ẹ̀ ti tò. Àfi bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kẹ́nikẹ́ni má fowó ẹ̀ ṣòfò lọ wo abẹ́ omi níbẹ̀ mọ́, pé gbogbo iyùn ibẹ̀ ti kú, pé itẹ́ òkú lásán ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ti débẹ̀, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní kó jẹ́ n jẹ ẹja mi tán ná. Mo wá dá a lóhùn, àmọ́ ìdáhùn yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo kàn ń sọ ọ́ gbáùgbáù bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ẹ̀ fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kóun kà á, kí ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kà á.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Kí n tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, iyùn tí mo mọ̀ ò ju iyùn ọrùn lọ. Iyùn Ìyá Àgbà wa, pupa ràkọ̀ràkọ̀, tó máa ń kó sínú àpò aṣọ lábẹ́ ìrọ̀rí, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ oyè nìkan lojú wa máa ń kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Mo rò pé òkúta ni, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ń rọ ọ́ ni bí wọ́n ṣe ń rọ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dé ni mo wá mọ̀ pé egungun ẹran kékeré kan tó ń gbé inú òkun ni, pé pupa yẹn gan-an, inú òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, níbi tó jìn tó dẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn Potogí ló dẹ̀ ń kó o wá sọ́dọ̀ àwọn ará Bìní láti ayé àtijọ́. Iyùn tí èèyàn ń lọ wò ní Zanzibar kì í ṣe ẹ̀yà yẹn o, ìbátan ni wọ́n. Ti Zanzibar, oòrùn ló ń jẹ, ó ń kọ́ ilé fúnra ẹ̀ sórí ilé àwọn tó ti kú ṣáájú, títí ilé náà á fi di àpáta tó gbòòrò ju àdúgbò kan lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ìkejì, torí ó kàn wá ní Àgbádárìgì yìí ju ibòmíì lọ. Owó ẹyọ. Gbogbo àlejò tó bá wá síbí, wọ́n á mú un lọ sí ọjà Vlekete, wọ́n á sọ fún un bí wọ́n ṣe ń ta èèyàn níbẹ̀, wọ́n á fi owó ẹyọ hàn án, ogójì lórí okùn kan, ẹgbẹ̀rún méjì ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Àmọ́ ibo ni owó ẹyọ ti wá? Kì í ṣe etíkun wa. Ìgbín òkun kékeré ni, abẹ́ òkúta iyùn ló ń gbé, níbi tí omi ò ti jìn. Maldives ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nígbà tó wá di lẹ́yìn 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ti Zanzibar wá sí apá ọ̀dọ̀ wa níbí, wọ́n kó o wá débi pé owó náà ò níyì mọ́. Nígbà tí mo kà á, orí mi wú. Àpáta iyùn tí mo lọ sanwó lọ wò, òun náà ti wá sí Àgbádárìgì rí kí n tó lọ bá a.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ omi.

Ọdún 2018 ni mo kọ́kọ́ lọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, a wọ ọkọ̀ onígi láàárọ̀, wọ́n fún wa ní gọ́gùsì, páìpù ẹnu àti bàtà rọ́bà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Mo ti wo fọ́tò lórí Instagram débi pé mo ti ń retí àwọ̀ tí ẹja kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Mo ki orí bọ omi, mo kọ́kọ́ mu omi iyọ̀ tó tó síbí mẹ́ta, mo wúkọ́, mo tún ki orí bọ̀ ọ́, mo wá wolẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ tíì, àwọ̀ àmàlà. Níbòmíì eérú. Níbòmíì, nǹkan wẹ́wẹ́ tó tò rẹpẹtẹ sílẹ̀ bí egungun adìyẹ tí wọ́n jẹ kù lẹ́yìn òde. Ẹja wà o, ẹja pọ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ ibi tí mo ti fẹ́ rí ọgbà òdòdó, àkìtàn ni mo rí. Mo gbórí jáde, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni "Owó mi!"

Atukọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní "matumbawe" ni wọ́n ń pe iyùn ní Swahili, ó ní ní 2016 omi gbóná jù, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan lédè òyìnbó, bleaching. Mo ní, "Bleaching kẹ̀? Ṣé iyùn náà ń bóra ni?" Nǹkan tó wá sọ́kàn mi ni àwọn ìpara inú ike tí wọ́n ń tà lọ́jà, àwọn tí ojú wọn á pọ́n tí oríkèé ìka wọn á dúdú. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo ń lò títí dòní, torí mi ò rí èyí tó bá a mu jù ú lọ: iyùn náà bóra. Kó ṣáà má dà bíi pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ra ìpara.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú ẹran ara iyùn, ewéko kéékèèké kan wà tójú lásán ò lè rí, àyálégbé ni wọ́n. Wọ́n ń gba oòrùn, wọ́n ń fi se oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà, onílé ló ń jẹ ẹ́, àwọ̀ tá a ń rí lára iyùn, àwọn àyálégbé yìí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí omi bá wá gbóná kọjá bó ṣe máa ń gbóná jù lọ́dún, ì báà jẹ́ dígírì kan péré, tó dẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àárín wọn á dàrú, oúnjẹ tí àyálégbé ń sè á bẹ̀rẹ̀ sí í ní májèlé nínú, onílé á lé e jáde. Ẹran ara iyùn fúnra ẹ̀ ò láwọ̀, ó mọ́ gaara bíi nylon, egungun funfun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn.

Torí náà, ẹ gbọ́ o, èyí tó funfun báláú ò tíì kú. Ebi ló ń pa á. Tí omi bá tètè tutù, àwọn àyálégbé á padà wálé, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ àwọ̀ á padà. Tí omi ò bá tutù, ebi á pa á kú, láìpẹ́ ewé yíyọ̀ bí irú èyí tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó wá lọ́jọ́ tó funfun á ké pé "Ó ti kú!", ẹni tó wá lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, nígbà tó ti kú lóòótọ́, á ní "Àwọ̀ ti ń padà, wò ó, ó ti ń di àwọ̀ ewé." Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kó tó di funfun tán, wọ́n á tàn yanran, àwọ̀ àlùkò, búlúù, yẹ́lò bí ìgò ọtí tí iná wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọ̀ yẹn wà lára wọn tẹ́lẹ̀, ó dà bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí nígbà tí oòrùn ń jó wọn. Àwọn àlejò á máa ya fọ́tò, á máa pariwo "ó mà rẹwà o", wọn ò mọ̀ pé aláìsàn tó wọ aṣọ ẹbí làwọn ń wò.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé, àwọ̀ àmàlà tí mo pè ní àkìtàn yẹn, ìdajì ẹ̀ wà láàyè, ara ẹ̀ dẹ̀ le koko! Iyùn tára ẹ̀ yá, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ músítádì ló sábà máa ń jẹ́. Omi máa ń gbé àwọ̀ pupa mì, bẹ́ ẹ bá ṣe ń jìn sí i ló ń lọ, fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń rí, wọ́n ti tan iná sí i tàbí kí wọ́n ti fi fóònù tún un ṣe. Mo lọ bú ẹni tó ń jókòó jẹun nílé ẹ̀ pé òkú ni.

Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti rí àwọn tó ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣàlàyé iyùn, pé á padà, pé á tún dáa ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ọba ní owó, ó ní àwọn ọmọ ìlú tó máa ru igi wá. Ẹ wo Seychelles. Ní 1998, ọdún El Niño tó le gan-an, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, iyùn ibẹ̀ tó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Àwọn onímọ̀ ń lọ wo àpáta iyùn mọ́kànlélógún níbẹ̀ léraléra, nígbà tí wọ́n wá kọ àbájáde ẹ̀ ní 2015, méjìlá ti padà bọ̀ sípò, mẹ́sàn-án ò padà, ewé ló gbabẹ̀. Òkun kan náà, ooru kan náà. Àwọn tó padà, inú omi tó jìn díẹ̀ ni wọ́n wà, ihò àti kọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lára wọn, ẹja tó ń jẹ ewé dẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ihò àti kọ̀rọ̀ yìí, mi ò nílò onímọ̀ kankan láti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, torí ìdí akaja ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba orí ọ̀sà yìí kọjá rí, ẹ ti rí i, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Ẹ̀gùn máa ń rì mọ́nú omi bí ọgbà, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹja á wá máa sá sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á máa jẹ nǹkan tó ń hù lára igi náà, wọ́n á máa bímọ síbẹ̀, ìgbà tó bá yá wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní akaja méjì. Igi yẹn ti kú, kò sẹ́ni tí ò mọ̀, àmọ́ òkú igi yẹn gan-an nilé ẹja. Tó bá wá jẹrà, tó wó, ẹja lọ nìyẹn, ọmọ ẹja ò ní ibi tó máa sá sí. Bí àpáta iyùn ṣe rí náà nìyẹn. Ọdún kìíní, ọdún kejì lẹ́yìn tó bóra tó kú, egungun ẹ̀ ṣì dúró, ẹja ṣì máa pọ̀, ẹ máa gbádùn ẹ̀ dáadáa, ẹ lè má mọ̀ rárá pé nǹkan ṣe é. Ìgbà tó bá di bí ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, tí ìgbì àti àwọn nǹkan tó ń gbẹ́ ihò sára ẹ̀ bá ti wó o, ìgbà yẹn lẹ máa rí egungun adìyẹ tí mo wí. Ìgbà yẹn ló burẹ́wà jù, ìgbà yẹn náà dẹ̀ ni ọmọ tuntun ti ń yọ, àmọ́ ojú ẹni tí wọn ò kọ́ ò lè rí i.

Atukọ̀ wa ló kọ́ mi. Ó bá mi wọ omi lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, torí mo rò pé inú mi tó bàjẹ́ yẹn ń dùn ún, ó mú pẹ́ńsùlù onírọ́bà kan dání, ó na orí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta kan. Mi ò rí nǹkan kan. Ó tún na án. Nígbà tó yá ni mo wá rí i, nǹkan kékeré bí èékánná, àwọ̀ ilẹ̀ tó ní búlúù létí, ó lẹ̀ mọ́ òkúta bíi bọ́tìnì. Ó na án sí òmíràn, òmíràn tún wà lápá òsì. Ká tó kúrò níbẹ̀ mo ti ka mẹ́tàdínlógún. Iyùn máa ń tú ẹyin sómi lálẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí òṣùpá bá ti ràn mọ́jú, ọmọ á léfòó fún ọjọ́ mélòó kan, á wá wá ibi tó le tó mọ́ jókòó sí. Tó bá jókòó sórí egungun wẹ́wẹ́ tó ń yí kiri, ìgbì á yí i dànù. Tó bá jókòó sínú ewé, ewé á bò ó pa. Ibi tí ẹja ti jẹ ewé kúrò nìkan ló lè gbé.

Ẹja yẹn lẹ gbọ́dọ̀ wá. Ẹlẹ́nu bí odídẹrẹ́ ni, ó máa ń ha òkúta jẹ, tẹ́ ẹ bá dákẹ́ sábẹ́ omi ẹ máa gbọ́ ọ, kàrà, kàrà, bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Òkúta tó bá jẹ mọ́ ewé náà, ó máa ń lọ̀ ọ́, ó máa ń yà á jáde ní iyanrìn, iyanrìn funfun tí tọkọtìyàwó máa ń dùbúlẹ̀ sí láti ya fọ́tò, ìgbẹ́ ẹja ló pọ̀ nínú ẹ̀. (Àbúrò mi, má sọ fún ọkọ ẹ kẹ́ ẹ tó dé.)

Ọmọ bọ́tìnì yẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀yà ẹlẹ́ka, nǹkan tó ń lọ bí sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ló lè fi ga lọ́dún tí gbogbo nǹkan bá dára. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà rìbìtì, sẹ̀ńtímítà kan. Kan ṣoṣo. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí rìbìtì kan tó ga tó mítà mẹ́ta, ó ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ó ti dàgbà kí àwọn òyìnbó tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì ní 1845. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú tí mo bá gbọ́ "ó ti padà." Èwo ló padà? Ẹlẹ́ka lè padà lọ́dún mẹ́wàá, méjìlá. Àpáta Scott tó dá wà lójú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán ní 1998, ọdún méjìlá ló fi padà, kò sí ìlú nítòsí ẹ̀, kò sí ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kó ẹja ẹ̀ tán. Rìbìtì ńlá kò lè padà lójú èmi àtẹ̀yin.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ooru ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí àpáta kan bá bóra gidi, ó máa ń tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n kó tó tún ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti di bí ọdún mẹ́fà. Ẹ wo àpáta iyùn ńlá Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Great Barrier Reef, àwọn ọdún tó bóra nìyí: 2016, 2017, 2020, 2022, 2024. Ó dà bí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n tún tì ṣubú. Ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n kéde pé ó ti di ìgbà kẹrin tí iyùn gbogbo ayé ń bóra lẹ́ẹ̀kan náà, apá Ìlà Oòrùn Áfíríkà náà wà nínú ẹ̀. Atukọ̀ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́dún yẹn, ó ní omi gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

Ní báyìí, àbúrò mi, tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa gbé yín lọ pé ìgbà wo ni ibẹ̀ bóra kẹ́yìn, tó bá ní kò bóra rí, ẹ wá ẹlòmíì. Erékùṣù Chumbe wà, wọ́n ti fòfin dáàbò bo àpáta ẹ̀ láti 1994, kò sẹ́ni tó ń pẹja níbẹ̀, páìpù ẹnu lásán ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò fi wò ó, ó wọ́n díẹ̀ àmọ́ tí mo bá ní owó ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ibẹ̀ ni mo máa ná an sí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí omi máa kún, torí òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn débi tí ìyàtọ̀ ẹ̀ fi lè tó mítà mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ nígbà tó fà, ikùn yín á máa ha iyùn. Láàárọ̀ ló dáa jù, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Ẹ má dúró lé ohunkóhun, èmi dúró lé e ní 2018 torí omi wọ gọ́gùsì mi, ẹlẹ́gùn-ún dúdú, ẹran òkun roboto tí ẹ̀gún bò lára, gún mi lẹ́sẹ̀, mo fi ọjọ́ méjì tiro. Ó tọ́ sí mi. Níbi tí wọ́n bá ti pa ẹja tó ń jẹ ẹlẹ́gùn-ún yẹn tán, ńṣe ló máa ń pọ̀ bí èèrà. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn dípò ìpara oòrùn, torí wọ́n ní àwọn kan nínú ìpara yẹn máa ń ṣe iyùn léṣe, erékùṣù Palau ti fòfin dè wọ́n láti 2020, Hawaii tẹ̀lé e ní 2021. Ẹni tó bá dẹ̀ sọ pé kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má wọ òkun Àgbádárìgì yìí o! Ìgbì ibí máa ń gbé èèyàn lọ, ẹrẹ̀ dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Inú odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ.

Ẹ má dẹ̀ lọ fún àwọ̀. Ẹ lọ léfòó síbì kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkúta, ẹ máa wá bọ́tìnì.

Mo padà lọ lọ́dún tó kọjá. Atukọ̀ náà ti fi irun funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó mú mi lọ síbi òkúta yẹn láìjẹ́ pé mo bi í. Nínú mẹ́tàdínlógún mi, àwọn tí mo lè fi ọwọ́ sọ pé àwọn nìyí ò ju mẹ́rin lọ. Méjì ti kú, ewé ti bò wọ́n, wọ́n ti tóbi tó àwo kí ooru 2024 tó dé. Ọ̀kan ti kú lápá kan, apá kejì ń jẹun lọ. Ìkẹrin, kò sí nǹkan tó ṣe é, ó tóbi tó ọpọ́n ayò, ẹja kéékèèké búlúù ń wọlé ń jáde láàárín ẹ̀ka ẹ̀. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun. Mo léfòó síbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi hunjọ.

Alẹ́ Sátidé náà, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti lọ, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Ìyá Àgbà, torí wọ́n ti gbọ́ orúkọ iyùn láti yàrá, wọ́n fẹ́ mọ ohun tá à ń sọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà bá àwọn mú iyùn bọ̀, mo ní rárá o, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó o jáde níbẹ̀, ẹran ni, ó lẹ́mìí. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, òun náà ti jẹun rí. Wọ́n fa àpò aṣọ náà jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n tú u, wọ́n gbé e sójú iná fóònù mi, wọ́n ń yí i.

"Ìyẹn ni pé," ni wọ́n wí, "òkú ẹran ni mo gbé sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n wá kó o sọ́rùn, lórí aṣọ ìsùn, wọ́n ní kí n pa iná.